Gìtá Tí A Kò Fi Irin Sí Lọ́rùn

Orí wa ò pé rárá, àwa tí a máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé láti gbẹ́ gìtá oníná. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá a jiyàn. Ẹ wá wo àgbàlagbà tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, nínú bọ́ìsì kọ́tà kan lẹ́yìn gẹ́ètì ẹ́sítéètì ní Lẹ́kkí, tí wọ́n ń fi ìka kan pákó bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń gbé etí lé e, tí wọ́n sì ń mi orí bí ẹni tí ìwàásù wọ̀ lára. Ẹni tó bá ṣèèṣì wọlé á rò pé pákó náà ń sọ̀rọ̀ ni. Ó kúkú ń sọ̀rọ̀, fún ẹni tó bá létí.

Àwa mẹ́ta ni. Agbẹjọ́rò ló nilé. Ẹni tó máa ń ro ọ̀rọ̀ dáadáa kó tó la ẹnu ni, bó sì ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ló ń fi ayùn gé pákó: kò yára, kò sì ṣì í gé rí. Àǹtí jẹ́ ọmọ ìdílé apẹja kan lẹ́bàá ọ̀sà ní Ajah. Láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti ń ta gìtá ní ìjọ aláṣọ funfun, àwọn náà ló sì ń ṣe ohun tí a ń pè ní etí gìtá: wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n á máa wé mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì títí yóò fi sanra. Òun ló ń gbọ́ okùn nígbà tí okùn bá gbọ̀n, tó sì ń gbé ohùn náà fún sípíkà. Bí Àǹtí bá ń wé wáyà, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ o. Wọn kò ní dáhùn, bí ẹ bá sì tún un sọ, ojú tí wọ́n máa fi wò yín, ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ní tèmi, iṣẹ́ ìwé ẹrù ni mò ń ṣe ní Free Zone, kọ̀ǹténà ni mò ń wò láti Mọ́ńdè. Tó bá di Sátidé, ọrùn gìtá ni wọ́n máa ń fi lé mi lọ́wọ́. Mo lè fi odindi ọ̀sán kan ha ọrùn kan ní sáńpépà, kí n di ojú, kí n máa fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ṣì rí gbágungbàgun. Mo máa ń tètè bínú, gbogbo ará ilé mi ló mọ̀, àmọ́ n kò bínú rí nídìí ọrùn gìtá.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kó wèrè gìtá yìí. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n, Jakande Estate ní Ilasan ni wọ́n sì ti tọ́ wa dàgbà. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á gbé gìtá jáde sí bálíkónì, èmi á sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Orin kan wà tí wọ́n fúnra wọn ṣe, tí kò lọ́rọ̀, tí kò sì lórúkọ. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ará òkè á yí rédíò wọn sílẹ̀. Ní ilé tí ẹnikẹ́ni kì í yí rédíò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, iyì ńlá nìyẹn.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá orin náà dúró. Ẹsẹ̀ padà, ẹnu padà, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ òsì kọ̀. Ọwọ́ náà lè di ẹ̀ṣẹ́. Kí ìka kọ̀ọ̀kan dá tẹ okùn ni kò ṣeé ṣe mọ́. Nọ́ọ̀sì kọ́ wọn pé kí wọ́n máa di ìgò mú láràárọ̀, ìgò òróró tí a fi ń wọ́ ọwọ́ náà, kí wọ́n fún un pinpin, kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n tún fún un. Wọ́n ń ṣe é láìjáfara. Ṣùgbọ́n gìtá wọn, wọ́n ti gbé e fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ láìsọ fún ẹnì kankan nínú wa. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní kí ni kí àwọn fi í ṣe, ṣé kí àwọn máa sá aṣọ sí i lára ni? Láti ìgbà náà, bí gìtá bá dún nínú rédíò, wọ́n á ní kí a wá ibi tí ìròyìn wà.

Mo bínú. Kò sí ẹni tí mo lè bínú sí, ìyẹn ló tún wá burú jù. Mo wá pinnu pé a máa gbẹ́ gìtá kan fún bàbá mi, èyí tó fúyẹ́, tí okùn rẹ̀ rọ̀, tó sún mọ́ pákó débi pé ọwọ́ tó ń ṣàìsàn gan-an á lè tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ní ẹ̀bùn lásán ni, irọ́ ni mo pa. Bàbá mi ni mo fẹ́ gbà padà.

Àǹtí ló mú pákó tí a fi ṣe ara gìtá náà wá. Ara ọkọ̀ ojú omi ni, èyí tí bàbá wọn fi pẹja títí ọkọ̀ náà fi gbó, tí ewúrẹ́ wá ń sùn nínú rẹ̀. Iyọ̀ àti oòrùn ti fún un ní àwọ̀ kan tí n kò rí lára pákó mìíràn rí, bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò. Agbẹjọ́rò gé e, ó fi epo pa á, gbogbo wa sì ń wò ó. Ọrùn rẹ̀ wá láti ara férémù ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó, igi ọ̀gànwó tó ti rí òjò àti ọyẹ́ ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí mo fi ìka kàn án, ó dún bí agogo. Mo ní kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ. Inú mi dùn débi pé n kò fẹ́ lọ sílé.

Ó yẹ kí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ọrùn gìtá oníná, tí kò ní jẹ́ kí okùn fà á tẹ̀. Àwa náà máa ń fi í sí i. Ṣùgbọ́n ká tó lè fi í sí i, a ní láti la ihò gbọọrọ sínú igi náà, èmi àti Àǹtí kò sì gbà. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ la irú igi yìí nínú? Agbẹjọ́rò nìkan ló takú.

"Ẹ̀yin sisters mi, I beg," ó ní, "igi kì í ṣe witness tó ṣeé gbára lé. Lónìí á sọ tibí, lọ́la á sọ tọ̀hún."

Àǹtí dá a lóhùn pé igi tó ti gbé ilẹ̀kùn dúró kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀, ṣé okùn gìtá ló máa wá ṣẹ́gun rẹ̀? A rẹ́rìn-ín, a dìbò, agbẹjọ́rò sì fìdí rẹmi. Ẹni tí kò fẹ́ràn igi kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ á ti fi irin sí i, á sì ti lọ jẹun.

A ní òfin wa. Bí gìtá bá parí, a ó fa okùn rẹ̀ le, a ó gbé e lọ sílé ẹni tó ni ín, a ó da aṣọ bò ó. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kí ilé náà lè mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni ín á kọ́kọ́ ta á, ẹni tó gbẹ́ ọrùn rẹ̀ á sì kojú sí ògiri. Kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí ẹni tó ń ta á yóò fi sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: "Ó pé," tàbí "Ó kù." Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ẹni tó gbẹ́ gìtá máa ń bẹ̀bẹ̀, ojú ẹlẹ́bẹ̀ sì máa ń sọ olóòótọ́ di onírọ́.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá mi ní Jakande Estate, wọ́n ní kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì yí ojú sí fèrèsé. Òjò rọ̀ ṣáá ní ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí Sátidé dé, mo ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀ ní pálọ̀, mo gbé e sókè, mo di ojú kan, mo wo ọrùn rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ti tẹ̀. Okùn ti fà á síwájú débi pé odindi ìka mi gba abẹ́ okùn kọjá. Bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bá tẹ okùn yẹn, ìka rẹ̀ á bó. Mo gbé e fún agbẹjọ́rò. Òun náà di ojú kan, ó wò ó, ó sì rọra gbé e sílẹ̀. Kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Títí di òní kò tíì sọ ọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn ju bó ṣe mọ ayùn lò lọ.

Mo ní kí a gbé e padà, kí a pa irọ́ kan. Bí mo ti ń wí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni bàbá mi jáde láti yàrá. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n wọn. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ láyé ọjọ́un, wọ́n ti lọ̀ ọ́, kọ́là rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹni tó ní òun ò fẹ́ gbọ́ gìtá mọ́ nìyẹn. Ọkàn mi bàjẹ́ ju ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí mo rí i pé wọ́n ti ń retí rẹ̀.

"Kojú sógiri," Àǹtí wí fún mi.

Mo kojú sógiri. Mo gbọ́ tí agbẹjọ́rò ki wáyà bọ sípíkà. Mo gbọ́ tí àga dún bí bàbá mi ṣe jókòó. Okùn kan dún gbì, ó kú. Wọ́n tún gbìyànjú, ó tún kú. Mo ń gbọ́ èémí wọn, mo mọ̀ pé gbogbo agbára wọn ni wọ́n fi ń tẹ okùn náà, mo sì fẹ́ fi orí gbá ògiri. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. "Ó kù" ni mò ń dúró dè. Dípò rẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ní kí Àǹtí bá àwọn mú ìgò òróró tó wà lórí fìríìjì. Mo rò pé ọwọ́ ló ń dùn wọ́n.

Ohùn kan wá jáde. Kò jọ gìtá tí mo mọ̀ mọ́ bàbá mi. Ó ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn láìgbé ẹsẹ̀. Ó dúró, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣìnà, ó padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀, mo sì dá a mọ̀: orin bálíkónì ni, orin tí kò lórúkọ. Ẹkún gbé mi. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ògiri nìkan ni èmi ń rí. N kò sì yíjú, nítorí òfin ni òfin. Lókè wa, ẹnì kan yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ta á pẹ́ kí wọ́n tó dúró.

"Ó pé," bàbá mi wí. "Yíjú sí mi."

Gìtá náà sùn sórí itan wọn, bí àwọn olórin jùjú kan ṣe máa ń gbé tiwọn. Ọwọ́ òsì di ìgò òróró náà mú pinpin, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, ó sì ń fi ìgò yọ̀ lórí okùn. Ìka kankan kò ní láti tẹ nǹkan kan. Ká ní okùn sún mọ́ pákó bí mo ṣe fẹ́ ẹ ni, ìgò ì bá máa ha igi. Gíga tó ga yẹn gan-an ló fún un láyè.

Agbẹjọ́rò, èèyàn rere, ti ń tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Bàbá má ṣèyọnu, òun á gbé e lọ, òun á fi irin sí i, ọrùn rẹ̀ á ti tọ́ kó tó di Sátidé tó ń bọ̀. Bàbá mi gbé apá lé gìtá náà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," wọ́n ní. "Bí ẹ bá tọ́ ọrùn rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ yìí ṣe?"

Agbẹjọ́rò dá irinṣẹ́ padà sínú àpò. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá mi, bí mo ṣe máa ń jókòó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún ta orin náà fún mi.