Òórùn Ẹran Lẹ́yìn Ògiri

Nígbà tí mo dé Sokoto láti wá ṣe olùkọ́, aládùúgbò mi, Hausa kan, ló ń fún mi lómi títí mo fi gbẹ́ kànga tèmi. Lẹ́yìn náà ni mo ra ààrò irin tí wọ́n fi ń sun ẹran, irú èyí tí mo rí nílùú òyìnbó, lọ́wọ́ ajórinmọ́rin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Mabera, bí ẹni pé àwọn ará Sokoto kò mọ ẹran sun rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí mo kọ́kọ́ dáná sí i, àwọn ọkùnrin kan tẹ́ ẹní jókòó lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò mi.

Agùnbánirọ̀ tí mo pè wá jẹun yọjú wò wọ́n. "Ọ̀gá, òórùn ẹran yín ti kó wọn jọ."

Mo gbà á gbọ́. Mo to ẹran àti fọ́ọ̀kì sínú tíréè, mo gbé e jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Aládùúgbò mi mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ fún mi pé ìyàwó òun kú láàárọ̀, àwọn sì ti sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nílé wa, ariwo ẹkún ni ì bá jí mi. Mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní. Èéfín ààrò mi ń gba orí ògiri wá bá wa, kò sì sẹ́ni tó bo imú.