Ìdajì Oògùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Mi kì í lè jókòó sójú kan láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá ń lọ sílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti tú báàgì wò lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó kírun àsùbáà tán. Ààfáà ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú nínú agboolé wa ní Gàmbàrí kí irú àìsàn tó pa bàbá wa tó wá mú òun náà. Àìsàn ìdílé ni. Èjìká á ṣàdédé fò sókè, ọwọ́ á máa jù kiri, ẹsẹ̀ á máa kọ́ ara wọn, ahọ́n á wúwo. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó.

Ìyẹn la ṣe gbà nígbà tí dókítà ní àwọn ń dán oògùn tuntun kan wò. Ó là á mọ́lẹ̀ fún wa pé àwọn kan á gba oògùn gidi, àwọn kan á gba èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, òun alára kò sì mọ èyí tó kan ẹnikẹ́ni. Hóró kan láràárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi nìkan máa lò ó. Èmi ni kí n máa fàmì sínú ìwé pé ó ti lò ó, torí ọwọ́ rẹ̀ kò gba bírò mọ́. Mò ń fà á, mo sì ń ṣọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ṣé èjìká yìí ti rọlẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara lónìí? Ara mi kò balẹ̀ rárá.

Mo bu kókó fún àwa méjèèjì, mo gbàgbé ṣúgà, mo padà lọ mú un. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ìdajì hóró oògùn náà fọ́, ó ń dà á sínú ife tèmi. Èyí tó pọ̀ ń dà sórí tábìlì.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Kò tilẹ̀ jáyà. "Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti ń ṣe é. Ìdajì tèmi, ìdajì tìẹ."

Inú bí mi gan-an. Lóòótọ́, nílé wa, ẹnì kan kì í dá oògùn lò. Bí ibà bá mú ẹnì kan, gbogbo agboolé ló máa mu nínú àgbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló kàn mí nínú eléyìí?

"Ara mi le, ẹ̀gbọ́n mi."

"Abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Aránṣọ ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge. "Ojú mi ni. Ṣé ẹ ò rí gíláàsì tí mo rà ni?"

"Bàbá náà kọ́kọ́ ra gíláàsì."

Ẹ̀rù bà mí. Mo bínú sí i pé ó rí i, mo sì bínú sí ara mi pé mo ti mọ̀ tipẹ́.

"Tó bá wá jẹ́ ẹfun lásán ni wọ́n fún yín ńkọ́?"

"A jọ jẹ ẹfun nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó kù díẹ̀ kí èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nílé ìwòsàn, mi ò lè mú ìwé yẹn fún dókítà kí n sì dákẹ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní àfàìmọ̀ kí wọ́n má yọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò. Ó wá bi í pé kí ló dé tó fi pín in.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ojú mi. Ó rọra ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè yé dókítà.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ mí, ẹ yọ mí. Ẹ fi àbúrò mi sípò mi. Òun ṣì lè fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀."