Mo Kúnlẹ̀ Kí Bàbá Mi, Ọmọlanke Wa Ò Rí Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí ó ṣì ń ṣe mí bákan.

Ládùúgbò tí wọ́n ń pè ní Plateau, nílùú òkèèrè tá à ń gbé yìí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A ń ṣe ọmọlanke tó ń dá rìn, tó ń fi kámẹ́rà ríran. Tó bá ti rí èèyàn lọ́nà, ó gbọ́dọ̀ dúró. Èmi gan-an ni mo ya fọ́tò tá a fi kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń rí.

Bàbá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ládùúgbò Kalley nílùú yìí kan náà, ò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń ṣàdúà fún gbogbo àbúrò mi, àmọ́ wọn ò ṣàdúà fún iṣẹ́ mi rí. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí wọ́n gbà láti wá wò ó!

Bí wọ́n ṣe wọlé, ọmọlanke ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Kí ni ọmọbìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ máa ṣe tó bá rí bàbá rẹ̀? Mo kúnlẹ̀.

Ọmọlanke ò dúró o! Bàbá mi, tòun ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, sáré kọjá lára mi, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú ẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó dúró. Ó rí ẹni tó wà lóòró, kò rí ẹni tó kúnlẹ̀.

Ojú tì mí, mo sunkún. Gbogbo èèyàn inú fọ́tò mi ló dúró tàbí tó ń rìn. Èmi tí mò ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, tí mò ń kírun, tí mò ń forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́! Mo rò pé Bàbá á sọ pé kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù wọn.

Wọ́n gbọn eruku orúnkún mi nù. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kò mọ̀ wá ni. Kọ́ ọ kó mọ̀ wá.”

Bàbá fúnra wọn tẹ́ ẹní, wọ́n forí kanlẹ̀ bí ẹni ń kírun, mo ya fọ́tò wọn. Wọ́n tún kúnlẹ̀ bí mo ṣe kúnlẹ̀, bàbá tí kì í kúnlẹ̀ fún èèyàn kankan. Mo ya fọ́tò mẹ́gáàdì wa náà, níbi tó lóṣòó sí nídìí tíì tó ń sè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tá a ti fi àwọn fọ́tò tuntun náà kọ́ ọmọlanke, Bàbá yarí pé àwọn làwọn máa forí kanlẹ̀ lórí ẹní lójú ọ̀nà ẹ̀ tá a bá fẹ́ dán an wò. Mo di bọ́tìnnì tó ń dá a dúró mú. Ọmọlanke ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dúró.

Bàbá ò gbórí kúrò nílẹ̀. Wọ́n béèrè látilẹ̀ bóyá ó rí àwọn. Mo ní, “Ó rí yín, Bàbá.”

Wọn ò tíì dìde tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún iṣẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n ń dárúkọ mi. Mo kàn ń ṣe àmín, omijé ń bọ́.

Ohun tá à ń ṣe lójoojúmọ́ mà la máa ń gbàgbé jù. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ gbàgbé bẹ́ẹ̀ rí, ta ló sì rán yín létí? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀.