Sítíárìn Tó Bọ́ sí Kápẹ́ẹ̀tì

"Má mí!" Bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ṣe máa ń kí mi káàbọ̀ sílé wọn ní ìlú Clinton nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọn ò bá lọ síṣẹ́, ẹ̀mú kékeré ni wọ́n fi ń to mọ́tò ìṣeré kan, àwòkọ mọ́tò eré ìje àtijọ́ tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí èémí lásán lè fẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ lọ.

Èmi tí ìwé tí wọ́n fi ń tò ó ò yé, tó jẹ́ mímí nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, mo sín. Sítíárìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù sí bá fò bọ́ sí kápẹ́ẹ̀tì. Kò sí òmíràn. A kúnlẹ̀, à ń wá a.

Pásítọ̀ wa wọlé, wọ́n rò pé àdúrà là ń gbà, làwọn náà bá kúnlẹ̀, wọ́n gbà á lọ rẹrẹẹrẹ. À ń ṣàmín, ọwọ́ wa ń tú kápẹ́ẹ̀tì.

Bí pásítọ̀ ṣe dìde, sítíárìn ti lẹ̀ mọ́ orúnkún ṣòkòtò wọn.

Ẹ̀gbọ́n gbé ẹ̀mú, wọ́n kọjú sí pásítọ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí!"