Èwo Ni Ojúlówó Nínú Méjèèjì?

Nígbà tí ọkọ mi papòdà, kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ di tèmi. Olùkọ́ ni mí ní Òkè-Àfà, òun ni mo fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Tí mo bá tàn án, á kọ́kọ́ kùn, á wá máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ nínú, màá sì ti mu tíì tán kó tó ṣí.

Lọ́dún tó kọjá, kò tilẹ̀ fẹ́ ṣí mọ́. Mo gbé e lọ sí Àjàó Estate, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó tẹ́tí sí i, ó mi orí.

"Mà, háàdì inú rẹ̀, tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ ní níbẹ̀, ti ń kú lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi SSD rọ́pò rẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bíi fláàṣì ni, mà. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀."

Fláàṣì tèmi mọ̀ ni èyí tí a ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́, tó máa ń sọnù sínú báàgì. Ṣé inú irú ẹ̀ la fẹ́ kó gbogbo ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ sí? Fọ́tò wa wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ náà wà níbẹ̀, níbi tó ti ń kọ́ orin tí ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà ní òun á dà wọ́n kọ, kò ní sí èyí tó máa sọnù. Mo ní kó ṣe é. Mi ò mọ ohun tó mú mi gbà.

Nígbà tí mo padà lọ, ó tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà ṣí kí n tó fi gíláàsì mi sójú. Mo gbé etí lé e. Ó dákẹ́ lọ gbári.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà." Ó wá fi náílọ́ọ̀nù wé háàdì àtijọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo, ó tutù bí agolo sadíìnì. "Gbogbo ẹ̀ ṣì wà nínú èyí náà o."

"Èwo wá ni ojúlówó?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wò mí. "Méjèèjì ni, mà. Àbí ká ní ọ̀kan náà ni wọ́n."

Nílé, mo tẹ orin náà. Mo ti rò pé màá kọ́kọ́ dúró díẹ̀, àmọ́ ojú ẹsẹ̀ ni ohùn ọkọ mi jáde. Ọmọ mi obìnrin sáré jáde láti kíṣìnnì.

"Mọ́mì, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹkún ló fẹ́ gbé mi ni, àbí ayọ̀? Mi ò lè sọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù gba àdúgbò wa kọjá, ọmọ mi sì mú háàdì náà jáde fún un. Mo gbà á padà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà."

Mo ní mi ò mọ̀. Mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Mi ò tíì mọ̀ títí dòní.