Ìpè Tí Pamílẹ́rìn Fi Ránṣẹ́ Láìmọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Pamílẹ́rìn, ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ojú láptọ́ọ̀pù bí ẹni tí ó bo òkú. Olodi-Apapa ni, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ ti ń ránṣọ. Mo wá gba ẹ̀wù mi tí wọ́n bá mi dín kù. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé. Ó ní ọ̀rọ̀ pupa ló jáde sójú ẹ̀rọ, òun kò sì fẹ́ rí i.

"Ṣé o ti kà á?"

"Rárá, mà. Ẹ̀rù ń bà mí láti kà á."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ bá mi bi í o! Ọmọ tí kò bẹ̀rù ajá, tí kò bẹ̀rù àwọn ọmọ ìta Ajégúnlẹ̀, kọ̀ǹpútà ló wá ń lé e kiri inú ilé."

A jọ ṣí ìbòrí náà kúrò. Ohun tí ọ̀rọ̀ pupa náà ń sọ kò ju pé ó ṣí àkámọ́ kan nínú ètò tí ó ń kọ, kò sì rántí pa á dé. Ó pa á dé, ẹ̀rọ dákẹ́, òun náà mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti di ojúlùmọ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Pamílẹ́rìn dàgbà, nínú ilé tí Yorùbá, Ìjọ̀, Urhobo àti Ìgbò ti jọ ń pọn omi nínú kànga kan. Bàbá rẹ̀ ń já ẹrù ọkọ̀ òkun ní wáàfù títí ẹ̀yìn fi dùn ún. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ girama, kò rí ọ̀nà lọ sí yunifásítì, ó bá ń wo fídíò lórí fóònù, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, ó rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Liverpool Road tí ó ní tírélà tí ń kó kọ̀ńténà. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n gbà á fún. Bí ó bá kan tírélà kan láti wọ wáàfù lọ gbé ẹrù, òun ni yóò pe awakọ̀ rẹ̀ ní gáréèjì ilé-iṣẹ́ náà ní Olodi-Apapa pé kí ó máa bọ̀. Ní ọjọ́ kan ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Nnaemeka, pé òun lè kọ ètò tí yóò máa fi ìpè náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sórí fóònù àwọn awakọ̀.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n kọ dáadáa?" ni ọ̀gá bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Ìdajì ló mọ̀. Ìdajì tí kò mọ̀ yẹn ni ó ń bá a sùn, tí ó ń bá a jí. Bí ọ̀gá bá dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, Pamílẹ́rìn á rò pé àṣírí ti tú. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì, á rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí wọ́n ní kí ó máa kọ́ ọ ni Rukevwe, obìnrin Urhobo tí òun náà jẹ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀, tí ó ti ń kọ ètò fún ilé-iṣẹ́ náà tipẹ́. Olùkọ́ tó dára ni, àmọ́ kò ní sùúrù fún irọ́. "Kó o tó kọ ọ́," ni yóò wí, "sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́. Kí ló máa kọ́kọ́ ṣe? Tí kò bá bá ẹnikẹ́ni nílé ńkọ́? If you no fit talk am, you no fit write am." Ó tún máa ń sọ pé ohun kan ṣoṣo ni kí ènìyàn yí padà, kí ó dán an wò, kí ó tó yí òmíràn, pé kí ó tọ́jú ẹ̀dà tí ó ń ṣiṣẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan nǹkankan, pé ohun tí a bá rí lórí ẹ̀rọ ayélujára, kí a má ṣe mú un wọlé títí a ó fi lè ṣàlàyé rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìparí.

Pamílẹ́rìn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ṣe èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ó ní láti jẹ́wọ́ pé nǹkan kan kò yé òun, ìjẹ́wọ́ yẹn gan-an ni kò lè ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ó gba gáréèjì kọjá lọ sí ibi iṣẹ́. Ó rí ẹsẹ̀ méjì tí ó yọ lábẹ́ tírélà aláwọ̀ ewé kan.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Àṣírù. Ẹ tún ti wà lábẹ́ ọkọ̀."

"Ọmọ kọ̀ǹpútà! Ibí ni mo kúkú ń gbé." Àṣírù, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà, fa ara rẹ̀ jáde, gírísì kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Bíréèkì yìí ló ya olóríkunkun. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n lọ ná, kí n padà wá lọ́la. Mẹkáníìkì ti lọ wá páátì."

"Ẹ má gbé e jáde o, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò ní gbé e jáde, àfi tí ìpè bá dé. Ta ni ìpè máa dé bá tí á jókòó? Ẹ̀yìn ìlà àwọn tírélà tó ń dúró ni wọ́n á dá a padà sí. Tẹ́ ẹ bá pè mí, màá fi jíà rọra wọ́ ọ débẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Pamílẹ́rìn náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ètò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Rukevwe ti ní kí ó má fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni dán an wò àfi ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Pamílẹ́rìn fẹ́ rí i bí yóò ṣe rí nígbà tí orúkọ bá pọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti hùmọ̀ nọ́ńbà, kí ó má lọ bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ó bá kó nọ́ńbà àwọn awakọ̀ gan-an sínú rẹ̀. Ó rò pé kò séwu, nítorí ìlà kan wà lókè ètò náà tí ó ń pàṣẹ pé kí ó má tíì fi ohunkóhun ránṣẹ́, kí ó kàn máa fi orúkọ hàn lójú ẹ̀rọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé apá kan tí ó dà kọ láti orí ẹ̀rọ ayélujára lánàá, kí iṣẹ́ náà lè yá sí i, kì í bojú wo ìlà yẹn rárá. Kò kà á já. Ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ó fi í síbẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ àwọn awakọ̀ ń sáré kọjá lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò sí ọ̀rọ̀ pupa kankan. Inú rẹ̀ dùn. Ibi tí inú rẹ̀ ti ń dùn ni tẹlifóònù orí tábìlì rẹ̀ ti dún, awakọ̀ kan ló pè.

"Ọ́fíìsì, ẹ ṣé o! Mo ti gba ìpè, mo ti gbéra. Ọlọ́run á gbé yín ga!"

Ó wo fèrèsé, ó wo ẹ̀yìn Rukevwe tí ó kọjú sí ògiri, ó tún wo ẹ̀rọ. *Ó ti kàn yín. Ẹ máa bọ̀ ní géètì Liverpool Road báyìí.* Gbogbo wọn ni ètò náà ti sọ ọ́ fún, Àṣírù wà nínú wọn.

Ó gbé fóònù, ó pe Àṣírù. Ó dún títí ó fi gé. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí Àṣírù bá ti wà nídìí ọkọ̀, inú àpò lẹ́yìn ìjókòó ni fóònù rẹ̀ ń wà. Ó tún pè. Ó tún gé.

Èrò kan wá sọ́kàn rẹ̀ nígbà náà, kò sì fi pa mọ́ fún mi. Ó lè pa àkọsílẹ̀ ohun tí ètò náà ṣe rẹ́. Ó lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ta ni yóò jiyàn? Kí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lè ṣe ní ìlú Èkó? Ó ti gbé ọwọ́ lé e. Àmọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe é, ta ni yóò dá tírélà padà?

"Àǹtí Rukevwe, mo ti ba nǹkan jẹ́."

Rukevwe kò yíjú padà. "Wetin you spoil?"

"Mo ti pe gbogbo àwọn awakọ̀. Ìpè gidi ló jáde. Bọ̀dá Àṣírù kò ní bíréèkì."

Rukevwe dìde. Ọ̀gá Nnaemeka ti gbọ́, ó ti yọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá sáré padà lọ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì gáréèjì.

"Send another one," ni Rukevwe wí. "Ní kí wọ́n padà."

"Àǹtí, ẹ bá mi ṣe é. Mi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ìwọ lo kọ ọ́. Kí n tó kà á tán, wọ́n á ti dé ìta. Jókòó. Nọ́ńbà tìẹ nìkan lákọ̀ọ́kọ́. Only you."

Ó ṣi lẹ́tà tẹ̀ léraléra. Ó yọ gbogbo nọ́ńbà kúrò, ó fi tirẹ̀ sí i. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí tábìlì, ó fò sókè bí ẹni tí àkeekèé ta. Rukevwe ní kí ó kà á sókè. Ó kà á: "Ẹ padà sí gáréèjì. Ìpè yẹn kì í ṣe òótọ́. Àṣìṣe ọ́fíìsì ni." Ó fi ránṣẹ́ sí Rukevwe, tirẹ̀ náà dé. Nígbà náà ni ó tó kó ìyókù sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. "Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ṣé orí yín pé?" "Na play una dey play?" Bí èébú náà ṣe ń pọ̀ sí i ni ara ń tù ú, nítorí ẹni tó bú u ti kà á. Ọ̀gá jáde wá. Wọ́n ti dá ìyókù dúró, àmọ́ Àṣírù ló kọ́kọ́ jáde ní géètì, kò sì sẹ́ni tó lè bá a.

Pamílẹ́rìn kò tọrọ àyè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó já sí Liverpool Road. Àwọn oníbúrẹ́dì wà lábẹ́ agboòrùn wọn, àwọn awakọ̀ ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ẹni tí òun ti pa ni ó ń wò, bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́kàn rẹ̀.

Hóònù ló kọ́kọ́ gbọ́. Kò dánu dúró rárá. Lẹ́yìn náà ni ó rí imú tírélà aláwọ̀ ewé náà tí ó ń bọ̀, tí kò yára, tí kò sì dẹ̀rọ̀. Ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo, "Ẹ kúrò lọ́nà! Kò ní bíréèkì! No brake!" Àwọn oníbúrẹ́dì gbé àtẹ wọn sá. Ọkùnrin kan gbá ọmọ iléèwé méjì mọ́ra, ó fà wọ́n sẹ́yìn. Àṣírù yí ọwọ́ ọkọ̀, ó sì kó orí tírélà náà wọ inú òkìtì iyanrìn níwájú ilé àwọn tí ń mọ búlọ́ọ̀kù. Kọ̀ńténà òfìfo tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ mì, ó fì, ó tún padà jókòó. Eruku bo gbogbo ibẹ̀.

Nígbà tí Pamílẹ́rìn gun ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, Àṣírù di orúnkún rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ funfun fún eruku.

"Ẹ pè mí, mo dé," ni ó wí. "Kí lò ń sunkún sí? Ṣé ìlà ti kọjá mi ni?"

"Kò sí ìlà kankan, Bọ̀dá. Àṣìṣe mi ni."

Àṣírù wò ó. "Kò sí ìlà?" ni ó wí, wọ́n sì gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Orúnkún náà fọ́, wọ́n fi P.O.P. dì í. Ọ̀gá kò lé Pamílẹ́rìn. Ó ní ẹni tó jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi í kì í ṣe ẹni tí à ń lé, àmọ́ ó dá a padà sídìí tẹlifóònù, ó sì ní kí ó má fọwọ́ kan ètò kankan títí Rukevwe yóò fi ní ó tó. Rukevwe kò sọ pé ó tó kíákíá. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán wọn, yóò gbé apá tí ó dà kọ náà síwájú rẹ̀, Pamílẹ́rìn yóò sì máa ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí kò bá ti yé e, Rukevwe kì í jẹ́ kí ó fò ó. Láàárín àkókò yẹn ló kọ́kọ́ kọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ tí ó wúlò jù lọ nínú iṣẹ́ náà: "Èyí kò yé mi." Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, tí ẹ̀rù ń bà yín, ẹ má retí pé kí ẹ̀rù tán kí ẹ tó béèrè. Tirẹ̀ kò tíì tán di òní.

Ó lọ kí Àṣírù nílé ní Ajégúnlẹ̀. Nígbà tó kúnlẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà kọ ẹ̀yìn sí i. Àṣírù fúnra rẹ̀ ló fi àga hàn án.

"Má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí tèmi o, ọmọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n á kàn gba ẹlòmíràn tí kò tíì já ẹnikẹ́ni sínú iyanrìn rí, lórí mi náà ló sì máa ti kọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Rukevwe ti lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Lagos Island. Ètò ìpè náà ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Nọ́ńbà méjì péré ni Pamílẹ́rìn fi ń dán an wò, tirẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, ìyá náà sì máa ń ké sí àwọn oníbàárà pé, "Ẹ gbà mí o, wọ́n tún ti ní kí n gbé tírélà wá!" Àṣírù ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń tiro díẹ̀. Kò gba àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́, nítorí náà bí ó bá kàn án, Pamílẹ́rìn fúnra rẹ̀ ló ń pè é. Yàrá kan ni Pamílẹ́rìn ń gbé báyìí ní Olodi-Apapa, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń rìn gba gáréèjì kọjá lọ síbi iṣẹ́ ní Liverpool Road.