Iyọ̀ Tó Bí Ìbejì

Ọdún tí iyọ̀ fẹ́ẹ́ lé mi kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, Agbowó là ń gbé, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe, ọkàn mi ò sí níbòmíràn. Àmọ́ tíṣà kẹ́mísírì wa ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá gba òdo nínú ìdánwò ọjọ́ Jímọ̀, kó gbé àpò rẹ̀ kúrò ní kíláàsì òun.

Ohun kan ṣoṣo ni ò yé mi. Wọ́n ní tí móòlù iyọ̀ kan bá yòrò nínú omi, móòlù áyọ́ọ̀nù méjì ló ń dà: sódíọ̀mù kan, kílóráìdì kan. Báwo ni ẹyọ kan á ṣe wọ omi, tí á di méjì? Mo ń kùn ṣáá, títí ìyá àgbà fi ní kí n ro ẹjọ́ mi.

"Ìbejì ni," ni wọ́n wí, wọn ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà. "Oyún kan, ọmọ méjì. Kí ló le níbẹ̀?"

Inú mi dùn, àfi bíi kí n fò. Mo ti ń lọ kí wọ́n tó pè mí padà. "Ìdòwú ńkọ́?"

Ìyá ìbejì ni àwọn náà, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bí ìbejì tí kò bí Ìdòwú tẹ̀lé e, orí rẹ̀ lè dàrú. Wọ́n ní kí n fi Ìdòwú sí i, kí iyọ̀ má baà ya wèrè. Ta ni èmi tí màá bá àgbà jiyàn?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìbéèrè ní móòlù iyọ̀ méjì yòrò, móòlù áyọ́ọ̀nù mélòó ló dà? Mo kọ mẹ́fà gàdàgbà. Tíṣà pè mí síwájú.

"Sódíọ̀mù méjì, kílóráìdì méjì. Àwọn wo ni méjì tó kù?"

"Àwọn Ìdòwú ni, sà."

Kíláàsì dàrú. Tíṣà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. "Ìdòwú lèmi tó o ń wò yìí. Wọ́n ti já àwọn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọmú kí ìyá mi tó lóyún mi. Ṣé a tún bu iyọ̀ mìíràn sómi ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Kálísíọ̀mù kílóráìdì, kálísíọ̀mù kan, kílóráìdì méjì. Tí móòlù méjì rẹ̀ bá yòrò ńkọ́?"

Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ìbẹta rèé, oyún méjì, kò sí Ìdòwú. "Mẹ́fà, sà."

Wọ́n fagi lé òdo tí wọ́n ti kọ sórí ìwé mi, wọ́n ní kí n lọ jókòó.

Mo di nọ́ọ̀sì náà, mo sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìyá àgbà ti lọ tipẹ́, àárò wọn ṣì ń sọ mí. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé kò sí Ìdòwú nínú omi iyọ̀, wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn gbé ike iyọ̀ wọn, wọ́n wò ó tàánú-tàánú, wọ́n ní, "Kò tíì bí i ni."